Ẹ Kó Lọ, Ẹ Má Sá Lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ lójú pópó, ẹ kú sùúrù. Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń palẹ̀ àtẹ mọ́, ẹ kú ọjà, ajé á wọ igbá o. Ẹ̀yin tí iná ò sí lọ́dọ̀ yín, tó jẹ́ rédíò oníbátìrì lẹ gbé sétí, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ wà lókè òkun, tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa lórí fóònù, ẹ kú òtútù, ẹ kú àìsùn. Ẹ fa àga sún mọ́ mi. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ wo la fẹ́ sọ lónìí? Ọ̀rọ̀ kíkó ni. Kì í ṣe ilé kíkọ́ o. Ẹrù kíkó ni. Kí bàbá, ìyá àti ọmọ di ẹrù, kí wọ́n fi ìlú tí wọ́n ń gbé sílẹ̀, kí wọ́n gba ìlú mìíràn lọ nítorí àtijẹ. Ta ni kò tíì ronú kàn án nínú wa? Ẹni tí kò bá tíì ronú kàn án, kó nawọ́. Mi ò rí ọwọ́ yín o, àmọ́ mo mọ̀ pé wọn ò pọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ní orúkọ tẹ́ ẹ ń pè é. Jápa. Tiwa ni ọ̀rọ̀ yìí, Yorùbá ni. Ó ti wá di ti gbogbo Nàìjíríà báyìí. Ìwé atúmọ̀ èdè Oxford ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti gbà á wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tú inú ọ̀rọ̀ náà wò. Ta ló ń jápa? Ewúrẹ́ tó já okùn ló ń jápa. Olè tí wọ́n lé ló ń jápa. Ẹni tó ń jápa, sísá ló ń sá. Ẹni tó ń sá kì í wo ibi tó ń fẹsẹ̀ sí. Kì í dúró bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà.

Ẹni tó ń kó ẹrù ńkọ́? Ó dì í. Ó so ó. Ó ka iye rẹ̀. Ó tún padà wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá ó gbàgbé nǹkan sí kọ̀rọ̀. Kó tó ti ilẹ̀kùn, ó mọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo gbé wá fún yín lónìí. Bí ẹ ó bá lọ, ẹ kó lọ. Ẹ má sá lọ. Kó jẹ́ ẹrù lẹ dì, kó má jẹ́ ẹ̀rù ló lé yín.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò wá bú ẹni tó fẹ́ lọ. Ta ló ń gbé ilẹ̀ yìí tí kò mọ ohun tó ń lé èèyàn? Láti oṣù karùn-ún 2023, tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bí ẹsẹ̀ lórí ẹrẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, kí ni ojú wa ò tíì rí? Ẹni tó ń ra ìrẹsì lápò, ó di ẹni tó ń ra kóńgò. Ẹni tó ń ra kóńgò, ó di ẹni tó ń ra dẹ́ríkà. Owó oṣù ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Ọjà ló ń sáré.

Ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá ń kó lọ. Ní 2023, GSK tó ti ń ta oògùn fún wa láti ìgbà èwe wa kéde pé òun ń palẹ̀ mọ́. Kí ọdún náà tó parí, P&G tó ń ta Ariel àti Pampers ní òun ò ní máa ṣe ọjà níbí mọ́. Bí olówó bá ń kó lọ, kí ló dé tí a ó fi bú mẹ̀kúnnù tó fẹ́ kó lọ?

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí. Nínú àwọn olówó yẹn, kò sí èyí tó sá lọ. Wọ́n jókòó. Wọ́n ṣírò. Wọ́n pe agbẹjọ́rò. Wọ́n mọ ọjọ́ tí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì mọ ẹni tí yóò máa bá wọn ta ọjà wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ. Àwa tá ò ní owó tó wọn, ṣé àwa ló yẹ ká má ṣírò?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ní 2023, mo ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Ládùúgbò wa, tọkọtaya kan kó gbogbo ohun tí wọ́n ní síta. Fíríìjì. Jẹnẹrétọ̀. Sílíńdà gáàsì. Àga ìjókòó mẹ́rin. Wọ́n ti ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ sórí WhatsApp láti ọ̀sán. Obìnrin kan ń ná ìkòkò. Ọkùnrin kan fi orúnkún tẹ bẹ́ẹ̀dì wò, bóyá inú rẹ̀ ti rì. Ọkọ jẹ́ olùkọ́ físíìsì. Ìyàwó ló rí iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí òfin ibẹ̀ ṣì fàyè gbà á pé kó mú ọkọ àti ọmọ dání.

Láàárín ẹrù wọ̀nyẹn ni ọmọkùnrin wọn wà. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Ó jókòó lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kẹ̀kẹ́ pupa kékeré tí agogo rẹ̀ ti bọ́. Kò gùn ún lọ síbì kan. Ó kàn jókòó lé e ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sún mọ́ ọn, á fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Bàbá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Sọ̀ kalẹ̀, a máa ra tuntun fún ẹ níbẹ̀.” Ọmọ náà gbójú sókè. Ó ní, “Níbẹ̀ níbo?”

Ẹ̀yin ará, bàbá dákẹ́. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo ilẹ̀. Wọ́n mọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń lọ. Wọn ò mọ ìlú. Ejẹ́ǹtì ló mọ ìlú. Ejẹ́ǹtì ní bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù, òun yóò pè wọ́n.

Èmi ni mo ra kẹ̀kẹ́ yẹn. Mi ò ní ọmọ kékeré nílé. Mo kàn rà á ni. Màá padà sórí rẹ̀ kí n tó dágbére.

Ìbéèrè ọmọ yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé lọ sílé lónìí. Níbẹ̀ níbo?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí rédíò yín, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ ìdílé tó fẹ́ kó lọ síbi tí iṣẹ́ wà là ń sọ. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ. Mo ní bí ẹ ó bá lọ, ẹ kó lọ; ẹ má sá lọ.

Ǹjẹ́ àwa la kọ́kọ́ máa lọ? Rárá o. Ta ni kò gbọ́ nípa àwọn òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ káàkiri ìlú onílùú, tí wọ́n á tà á láwìn, tí wọ́n á sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí owó á fi jáde? Àwọn yẹn náà wá iṣẹ́ lọ ni.

Ẹ lọ sí Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ ó gbọ́ Faransé lẹ́nu ìyá alátẹ. Ẹ ó rí ọkọ̀ tó ń gbéra níbẹ̀ lọ tààrà sí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Á gba Kútọnú, á gba Lomé, á gba Ghana kọjá. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa tí àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń rin ọ̀nà yìí. Ànàgó ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe Yorùbá. Ẹ dé ọjà Adjamé, ẹ dé ọjà Treichville, ẹ ó bá wọn níbẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń lọ? Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹnì kan ló ń kọ́kọ́ lọ. Kò gbé ìyàwó, kò gbé ọmọ. Ó lọ bá ẹni tó ti wà níbẹ̀: ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àbúrò bàbá rẹ̀, ọmọ agboolé rẹ̀. Ó bá wọn ru ọjà. Ó bá wọn ṣọ́ ìsọ̀. Ó kọ́ èdè lẹ́nu àwọn oníbàárà. Bó bá ṣìṣe, ẹnì kan wà tó máa bá a wí. Bó bá ṣàìsàn, ẹnì kan wà tó máa fún un ní ẹ̀kọ. Ó dáwó sí àjọ. Ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ìgbà tó bá ní ìsọ̀ tirẹ̀ ló tó ránṣẹ́ sílé pé kí ìyàwó máa bọ̀. Ìyàwó ọ̀hún kò bi í pé níbẹ̀ níbo. Ó ti mọ àdúgbò, ó ti mọ orúkọ onílé.

Ẹni tó bá ti gbin ata rí á mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹ̀ẹ̀kan náà kọ́ la máa ń gbin ata sójú oko. A máa fọ́n irúgbìn sí ojú kan, á hù, á ga díẹ̀. Ká tó wá tu ú lọ sórí ebè, ìyá mi a máa bomi rin ín lákọ̀ọ́kọ́. Wọ́n á ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Wọ́n á gbé òun àti erùpẹ̀ ara gbòǹgbò rẹ̀ pọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń ṣe é, kì í ṣe ọ̀sán gangan. Ẹni tó bá kàn fà á tu bí ẹni fa koríko, tó gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ dànù, kó lọ wo ata rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Á ti dorí kodò. Ilẹ̀ tuntun náà lè dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gbòǹgbò ni kò ní nǹkan tí yóò fi dì í mú.

Ènìyàn ni erùpẹ̀ ara gbòǹgbò. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ilé tó kù lẹ́yìn ni. Ẹ má gbọn ọ́n dànù.

Ilé tó kù lẹ́yìn, ẹ jẹ́ ká dúró lórí ẹ̀ díẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á, tàbí kí wọ́n jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún wọn. Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà: ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ìgbòho, ará Ṣakí, ará Ìlọrin. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé Kumasi ni wọ́n bí wọn sí. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé Tamale ni gbogbo ohun tí wọ́n ní wà. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ta ló fẹ́ ra ìsọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ lọ́la ní iye tó tọ́? Àwọn tó dé, tí wọ́n ti kọ́ yàrá díẹ̀ sílé, wọ́n rí ibi forí pamọ́ sí. Àwọn tó ti gbàgbé ilé pátápátá di àlejò nínú ìlú baba wọn.

Ká má sì dẹ́bi fún Ghana nìkan. Ẹ wo àpò ńlá alámì igun-igun tí a fi ń kó ẹrù nílẹ̀ yìí. Kí lorúkọ rẹ̀? Ghana-Must-Go. Ní 1983 ló gborúkọ, nígbà tí ìjọba tiwa náà ní kí àwọn ará Ghana máa lọ. Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé wìtìwìtì, wọ́n wá bá wa ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, a ní kí wọ́n di ẹrù wọn. Ẹ ò rí i? Àpò tẹ́ ẹ fẹ́ fi kó ẹrù yín lọ́la ti ń sọ ìtàn fún yín kẹ́ ẹ tó fa síípù rẹ̀. Ó ń sọ pé òfin àlejò kì í ṣe òfin ayérayé. Onílé lè jí lọ́jọ́ kan kó pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́.

Wọ́n sì ti pààrọ̀ rẹ̀ lójú wa báyìí. Nígbà kan, ẹni tó ń lọ kàwé gba oyè kejì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè mú ọkọ, ìyàwó àti ọmọ dání. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ọ̀pọ̀ jù lọ akẹ́kọ̀ọ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, àfi àwọn tó ń ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀ àti díẹ̀ mìíràn. Ní oṣù kẹta ọdún kan náà, wọ́n ti ilẹ̀kùn yìí mọ́ ìdílé àwọn tó ń wá ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà. Nígbà tó fi máa di oṣù keje 2025, wọ́n ní àwọn ò ní gba òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tuntun láti òkè òkun mọ́. Ilẹ̀kùn mẹ́ta nìyẹn, láàárín ọdún méjì.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín lónìí, tó ní ẹ ta ilẹ̀ yín, ẹ mú owó rẹ̀ wá, òun máa fi iṣẹ́ ìtọ́jú kó gbogbo ìdílé yín lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kí lẹ máa bi í? Ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́. Níbẹ̀ níbo?

Ẹ bi í lórúkọ ilé iṣẹ́. Ẹ bi í lórúkọ ìlú. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní COS, kì í ṣe gaàrí tí wọ́n ń wọ̀n tà. Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ òṣìṣẹ́ ló ń fúnni. Orúkọ gbogbo ilé iṣẹ́ tó ní àṣẹ láti gba àjèjì ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọmọ yín tó ń tẹ fóònù tọ̀sán-tòru lè bá yín wò ó. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ìyẹn nìkan tó yín o. Pé orúkọ ilé iṣẹ́ wà níbẹ̀ kò ní kí iṣẹ́ wà. Ẹ bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ bi í pé wákàtí mélòó ló ń rí lọ́sẹ̀.

Tọkọtaya tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ohun tó ṣe wọ́n gan-an nìyẹn. Wọ́n dé. Ilé iṣẹ́ wà lóòótọ́. Iṣẹ́ ni kò sí. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, nígbà míì ọjọ́ méjì. Bí ìjọba bá sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ 60 lòfin sábà máa ń fún òṣìṣẹ́ láti wá ẹlòmíràn tó máa gbà á. Àwọn bàbá wa gba ọ̀sẹ̀ méjì ní Ghana. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín, kẹ́ ẹ sọ fún mi bóyá ìyàtọ̀ náà pọ̀ fún ẹni tó gbọ́mọ dání.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bàtà, ẹ kú àbọ̀. À ń sọ̀rọ̀ nípa ìdílé tó fẹ́ wá iṣẹ́ lọ. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹ kó lọ, ẹ má sá lọ. Ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ ń lọ, ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ ń lọ bá, ẹ sì fi nǹkan sílẹ̀ lẹ́yìn.

Ṣé òkè òkun nìkan ni kíkó wà? Ẹ má tàn mí o. Ẹni tó kó láti Èkó lọ sí Ìbàdàn náà kó. Mo mọ ìyá aránṣọ kan tí owó ilé fẹ́ fà á lọ́rùn já ní Èkó. Kí ló ṣe? Kò pariwo. Nígbà tí iléèwé gba ìsinmi, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣoṣo, ó lọ bá àbúrò rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó gbé ẹ̀rọ sí iwájú ilé, ó ń wo àwọn tó ń kọjá. Ó kà wọ́n! Ó rí i pé iléèwé mẹ́rin ló wà ládùúgbò yẹn, àmọ́ kò sí ẹni tó ń rán yunifọ́ọ̀mù nítòsí. Ó bi àwọn ìyá ọmọ léèrè iye tí wọ́n ń san. Ó padà sí Èkó, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀.

Ìgbà tí ọdún ẹ̀kọ́ parí ni wọ́n tó kó àwọn ọmọ. Ó fi ẹ̀rọ kejì sílẹ̀ ní Èkó fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, kí àwọn oníbàárà àtijọ́ má baà tú ká. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin Ìbàdàn sí Èkó, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, á lọ gba iṣẹ́, á lọ gba owó. Ọkọ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ó ń wálé ní òpin ọ̀sẹ̀. Kò rọrùn. Ó sọ fún mi pé kò rọrùn. Àmọ́ òun àti ẹ̀rọ rẹ̀ mọ ibi tí wọ́n wà. Ìyẹn ni mo pè ní kíkó.

Ẹ̀yin bàbá, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Ẹ má bínú. Nígbà tẹ́ ẹ pinnu láti kó lọ, ṣé ẹ bi ìyàwó yín ni, àbí ẹ kàn sọ fún un? Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn bi èèyàn, ọ̀tọ̀ ni kéèyàn sọ fún èèyàn. Ẹ̀yin ìyá náà, bí ẹ̀yin lẹ rí iṣẹ́, ṣé ọkọ yín mọ̀ pé ó lè jẹ́ òun ló máa máa se ọbẹ̀, tó máa máa gbé ọmọ lọ síléèwé? Níbí, bí ẹ bá pẹ́ lọ́jà, ìyá Ríká tó wà nílé kejì á fún ọmọ yín ní oúnjẹ. Ìyá ọkọ á wẹ̀ fún un. Níbẹ̀ yẹn, ìyá Ríká ò sí. Bí iṣẹ́ alẹ́ bá kan ìyá, tí iṣẹ́ òwúrọ̀ kan bàbá, ẹnu ilẹ̀kùn ni wọ́n ti máa ń pàdé. Ọ̀kan ń bọ́ kóòtù, èkejì ń wọ̀ ọ́. Ǹjẹ́ ẹ ti jókòó sọ èyí?

Àwọn àgbà tẹ́ ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ ńkọ́? Ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń gbé e lọ sọ́sípítù. Owó tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ kò ní dì í lọ́wọ́ mú sọdá títì. Ẹ wá ẹni tó máa ṣe é. Ẹ bá a ṣàdéhùn. Ẹ má rò pé ẹbí á mójú tó o. “Ẹbí” kì í gbé fóònù. Èèyàn tó ní orúkọ ló ń gbé fóònù.

Àti owó. Mi ò fẹ́ fi ìṣirò dà yín láàmú, èyí kan ṣoṣo tó. Láti 2024, owó ìtọ́jú ìlera nìkan tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àjèjì tó dàgbà lé ní 1,000 pọ́ọ̀nù lọ́dún, ìṣáájú ni wọ́n sì ń gbà á, fún gbogbo ọdún tí físà náà máa lò. Ẹ ò tíì san owó físà. Ẹ ò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Ẹ ò tíì rí ilé. Ẹni tó bá ta gbogbo ohun tó ní, tó fi owó rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà nìkan, kí ló máa jẹ nígbà tó bá wọlé?

Nítorí náà, ohun tí mo bẹ̀ yín kẹ́ ẹ ṣe nìyí. Ní alẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n. Ẹ mú ìwé àti bírò. Kí bàbá wà níbẹ̀, kí ìyá wà níbẹ̀, kí ọmọ tó bá ti lè sọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ìlú. Ẹ kọ orúkọ iṣẹ́. Ẹ kọ orúkọ ẹni tẹ́ ẹ máa sùn sọ́dọ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kìíní. Ẹ kọ ohun kan tẹ́ ẹ kò ní tà, ìbáà jẹ́ yàrá kan, ìbáà jẹ́ ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan. Bí ẹ bá lè kọ gbogbo rẹ̀, ẹ máa lọ, ọ̀nà á là. Bí ojú kan bá ṣófo, ẹ má ṣe ya ìwé yẹn. Ẹ fi pamọ́. Kí ẹnì kan lọ ṣáájú, bí àwọn ará Èjìgbò ti ń ṣe, kó lọ wá ohun tó máa kún ibẹ̀.

Ẹ̀yin tí kò ní lè lọ, tí ọkàn yín ń gbọgbẹ́ pé gbogbo ẹgbẹ́ yín ti lọ, ẹ má rò pé ẹ ti kú. Ẹni tó dúró sílé náà lè wá iṣẹ́ kiri nínú orílẹ̀-èdè wa. Aránṣọ yẹn kò kọjá Ìbàdàn.

Mo ṣèlérí pé màá padà sórí kẹ̀kẹ́. Ní oṣù tó kọjá, bàbá ọmọ yẹn pè mí. Ara wọn ti ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó ti rí ilé iṣẹ́ mìíràn. Òun ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí. Ìlú mẹ́ta ni wọ́n ti gbé, iléèwé mẹ́ta lọmọ náà ti lọ. Ó ní, “Bàbá, ká ní a mọ̀ ni.” Mo ní, “Ẹ kú ìrọ́jú.” Kí ni kí n tún sọ?

Ni ọmọ bá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti yí padà, Gẹ̀ẹ́sì ti ń gbá Yorùbá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó ní, “Bàbá, kẹ̀kẹ́ mi ńkọ́?” Mo ní ó wà. Ó ní, “Ó wà níbo?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi. Ó kọjú sí ògiri. Taya ẹ̀yìn ti rọ̀, àmọ́ mo ní páǹpù.” Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Ó dáa.”

Ẹ̀yin ará mi, ọmọ kékeré béèrè pé níbo, wọ́n dá a lóhùn, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹ rí i pé ẹ ní èsì fún tiyín kẹ́ ẹ tó di ẹrù.

Àkókò ti lọ. Ẹ kó lọ o, ẹ má sá lọ. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ní déédéé àsìkò yìí. Ilé á tòrò, ọ̀nà á dẹrùn. Ó dàárọ̀ o.